Súwẹ́tà Alápá Kan

Wúlù mi ló kọ́kọ́ mọ Mukhtar, kì í ṣe èmi.

Inú kẹ̀kẹ́ Márúwá ni mo wà lọ́jọ́ náà, tí mo ń bọ̀ láti ọjà Òkè-Ajé. Mo ń hun kádígán ọmọ ilé-ìwé lórí itan mi, torí pé tí mo bá délé, n kò ní ráyè mọ́. Bí kẹ̀kẹ́ ṣe kó sí kòtò, bọ́ọ̀lù wúlù aláwọ̀ ewé fò jáde, okùn rẹ̀ sì ń tú tẹ̀lé wa lójú títì. Kí n tó pariwo kí oníkẹ̀kẹ́ dúró, ọkùnrin kan ti gbá a mú. Ó ń sáré bọ̀, ó ń ká okùn náà mọ́ ọwọ́, ó ń mí hẹlẹ.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ó ní. "Ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ fi okùn so gbogbo Ìjẹ̀bú-Òde pọ̀?"

Ó yẹ kí n dúpẹ́. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ẹ wo bí ẹ ṣe ká a! Gbogbo ẹ̀ ti takókó."

"Ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ n tẹ̀lé yín, n ó bá yín tú u."

Oníkẹ̀kẹ́ bú sẹ́rìn-ín. "Bọ̀dá, ẹ wọlé jàre. Wúlù ti mú yín."

Ó wọlé lóòótọ́. Kí a tó dé ilé wa, ó ti tú kókó mẹ́rin, ó ti dá kókó méje mìíràn sílẹ̀. Mo bínú, mo rẹ́rìn-ín, mo tún bínú. Nínú àwọn ìwé ìfẹ́ tí mo máa ń yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi Fatihah, kò sí èyí tó bẹ̀rẹ̀ báyìí.

Lóṣù kẹjọ, nígbà tí ìfẹ́ ti wọ̀ wá lára, ó mú wúlù aláwọ̀ eérú wá fún mi, bọ́ọ̀lù mẹ́jọ. Ó ti parí ẹ̀kọ́ ní yunifásítì Ìjagun, wọ́n sì ti fún un níṣẹ́ olùkọ́ ní Jos.

"Wọ́n ní òtútù ibẹ̀ kì í ṣe kékeré," ó ní. "Hun súwẹ́tà fún mi, olówó orí mi ọ̀la."

"Ta ni olówó orí nínú wa? Èmi tàbí ìwọ?"

"Ẹni tó bá kọ́kọ́ parí iṣẹ́ rẹ̀."

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn ti kì mí nílọ̀, nítorí pé ilé wa kì í ṣe ibi tí ènìyàn ti ń parí iṣẹ́.

Ìṣó márùn-ún ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá mi, ọ̀rá kọ̀ọ̀kan sì rọ̀ sórí ìṣó kọ̀ọ̀kan. Kádígán aláwọ̀ ewé ti ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi wà ní àkọ́kọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ funfun fún ọmọ tí ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Hikmah, ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bí sílé wa. Fìlà aláwọ̀ ilẹ̀ ti Bàámi tẹ̀ lé e, èyí tí wọ́n fẹ́ máa dé lọ kí ìrun àárọ̀. Ìkẹrin ni ṣọ́ọ̀lù pupa. Màámi, tí wọ́n ń ta abọ́ àti ìkòkò lọ́jà, máa ń bá mi gba iṣẹ́ láì bi mí, wọ́n á fi oríkì mi dáhùn: "Àṣàkẹ́ mi á hun ún fún yín, ọwọ́ rẹ̀ kì í sinmi!" Bí wọ́n ṣe gba ṣọ́ọ̀lù náà fún ọ̀rẹ́ wọn nìyẹn. Súwẹ́tà Mukhtar wà lórí ìṣó ìkẹyìn.

Tí mo bá mú ọ̀kan lọ́wọ́, wọ́n á pè mí síbi òmíràn. Ọmọ ń ké. Gáàsì ti tán. Oníbàárà Màámi ń kanlẹ̀kùn. Tí wúlù ohun kan bá sì tán, wọ́n á wo ìṣó ìkẹyìn.

"Bù díẹ̀ níbẹ̀," Màámi á ní. "Ọmọkùnrin yẹn ò ní mọ̀."

Èmi náà á bù ú. N kò lè purọ́, ọwọ́ ara mi ni mo fi gé e.

Kí Mukhtar tó lọ sí Jos, ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú, ó wá láti wá wọ̀ ọ́ wò. Ó wọ jalabíà funfun, ó dọ̀bálẹ̀ kí Bàámi, ó sì nawọ́ sí ọmọ tó wà lórí itan wọn. Ó wo ìbọ̀sẹ̀ ọmọ náà. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ eérú. Ó gbójú sókè, ó wo etí fìlà Bàámi. Eérú. Ìgbà yẹn gan-an ni Màámi jáde pẹ̀lú ṣọ́ọ̀lù pupa, wájawàja etí rẹ̀ ń mì. Eérú.

Àǹtí Hikmah fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà ṣàwàdà. "Mukhtar, ẹ má wò ó bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ ọmọ tuntun, mélòó ló fẹ́ jẹ níbẹ̀?"

"Súwẹ́tà mi ni mo wá wọ̀ wò," ó ní jẹ́jẹ́. "Àṣé gbogbo ilé ti ń wọ̀ ọ́."

Mo sìn ín dé ẹnu géètì. Ojú ń tì mí, inú sì ń bí mi, n kò mọ ẹni tí inú ń bí mi sí.

"Láti oṣù kẹjọ ni mo ti ń bẹ̀ ọ́ pé kí àwọn òbí mi wá láti Ìjẹ̀bú-Imùṣin, kí wọ́n wá kí Bàámi," ó ní. "O ní kí o parí kádígán ná. O ní ó di ìgbà tí Àǹtí bá bímọ. Ọmọ dé, ó tún ku ṣọ́ọ̀lù. Hanifah, kì í ṣe òtútù Jos ló ń bà mí lẹ́rù. Ìṣó ìkẹyìn yẹn ni."

"Mukhtar, ilé yìí..."

"Mo mọ ilé yìí. Mo fẹ́ràn wọn. Àmọ́ ọkọ̀ mi ń lọ láago méje àárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Bí mi ò bá rí ọ ní gáréèjì, mo ti gbọ́ èsì rẹ nìyẹn."

Nígbà tí mo padà wọlé, Màámi ń ká ṣọ́ọ̀lù. "Jos jìnnà," wọ́n ní, wọn ò wojú mi. "Ẹni tí ò lè parí súwẹ́tà kan, ṣé òun ló fẹ́ lọ dálé gbé níbẹ̀?"

Ọjọ́ Sátidé, ara súwẹ́tà ti wà nílẹ̀, kò tíì ní ọrùn, kò sì ní apá. Mo jókòó láàárọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ apá ọ̀tún.

"Àṣàkẹ́, omi ti ń ṣàn, wá pọn ọ́n!"

Mo pọn ọ́n.

"Hanifah, bá mi gbé ọmọ, mo fẹ́ wẹ̀."

Mo gbé e. Ó tọ̀ sí mi lára. Ojú wúlù mẹ́ta já bọ́ lórí abẹ́rẹ́, mo tú ìlà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo tún un hun.

"Àṣàkẹ́! Ọ̀rẹ́ mi ní òun fẹ́ fìlà mọ́ ṣọ́ọ̀lù yẹn o, mo ti ní kò sí wàhálà!"

Mo dìde. Abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ mi, omijé ń dà lójú mi. "Wàhálà wà! Ẹ jọ̀ọ́, Màámi, wàhálà wà! Ẹ jẹ́ kí n parí ohun kan. Ohun kan ṣoṣo! Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí, ọ̀la ló ń lọ, gbogbo yín sì ti wọ aṣọ rẹ̀ tán!"

N kò sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí wọn rí.

Bàámi ṣí fìlà orí wọn, wọ́n nà án sí mi. "Tú etí rẹ̀. Wúlù ọmọ ọlọ́mọ ni."

"Alhaji, ọyẹ́ ń bọ̀ o," Màámi ní.

"N ó wé láwàní."

Etí fìlà náà tó ọrùn súwẹ́tà. Ìyókù wúlù tó apá kan. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, kò ku ohunkóhun, irú eérú yẹn sì ti tán ní gbogbo Òkè-Ajé.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo gbé e lọ sí gáréèjì bẹ́ẹ̀. Mukhtar ti jókòó sínú ọkọ̀. Nígbà tó rí mi, ó fò sílẹ̀.

"Ó ku apá kan," mo ní. "Mo mọ̀ pé kò wúlò."

Ó wọ̀ ọ́ lójú gbogbo èrò. Apá òsì rẹ̀ wà níta gbangba. Àwọn èrò ń rẹ́rìn-ín, ẹnì kan bi í bóyá iná ló jó ìyókù.

"Hun èkejì sílé," ó ní. "Èmi àtàwọn òbí mi la ó jọ wá gbà á."

Wọ́n wá lóṣù kejì ọdún tuntun, nígbà tí oòrùn Ìjẹ̀bú-Òde ń mú bí iná. Mukhtar wọ súwẹ́tà náà wọlé, òógùn bò ó. Ìyá rẹ̀ wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Ṣé ìwọ lo ní kí ọmọ mi máa gbọ̀n lápá kan? Mo ní kó bọ́ nǹkan yìí, ó ní ó di ìgbà tó bá pé!"

"Ẹ má bínú, Mà." Mo kúnlẹ̀, mo sì mú apá kejì jáde. Kò ní eérú kankan nínú. Ewé kádígán wà níbẹ̀, funfun ọmọ Àǹtí Hikmah, àwọ̀ ilẹ̀ ti Bàámi, pupa ṣọ́ọ̀lù Màámi, ìlà lórí ìlà. Ìyá Mukhtar gbà á, wọ́n fọwọ́ ra á, wọ́n sì wo gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Rán an mọ́ ọn lára," wọ́n ní. "Kí n fojú mi rí i."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rán an ní èjìká rẹ̀, níwájú ìdílé méjèèjì. Ibẹ̀ ni mo wà tí Màámi fi gbóòórùn láti ilé ìdáná.

"Àṣàkẹ́! Ìkọ́kọrẹ́ ń jóná o!"

Ẹsẹ̀ mi fẹ́ gbéra. Mo dá a dúró.

"Mo ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, Mà."

Màámi wò mí. Wọ́n wo Bàámi, Bàámi ń wo àjà. Wọ́n kó ìró wọn jọ, wọ́n dìde, wọ́n sì lọ fúnra wọn.

Mukhtar tẹ orí sọ́dọ̀ mi, òógùn ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀.

"Má kánjú o," ó ní.