Àkàbà Tí Wara Jẹ

Wara ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni.

Lónìí, ọjọ́ àwọn òkú, Wara àti Màámi ń lọ sí Wayrapata, ìlú awakùsà lókè téńté. Ibẹ̀ ni Bàbá ti wa kùsà. Ibẹ̀ náà ni Bàbá kú sí.

Bọ́ọ̀sì ń gun òkè. Hùn-ùn, hùn-ùn. Ọ̀gbun wà lápá ọ̀tún. Wara ò wo apá ọ̀tún.

Búrẹ́dì kan wà lórí itan rẹ̀. Màámi ló fi ìyẹ̀fun ṣe é bí àkàbà. Ìtẹ̀sẹ̀ méje ló ní.

"Dì í mú dáadáa o," ni Màámi wí. "Lọ́sàn-án gangan, àwọn òkú á sọ̀kalẹ̀ wá jẹun. Àkàbà yìí ni bàbá rẹ máa bá sọ̀kalẹ̀."

"Ṣé wọ́n á tún wá lọ́dún tó ń bọ̀?"

Màámi fọwọ́ pa á lórí.

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré ni òkú ń wá, ọmọ mi. Èyí ni ìkẹta."

Màámi sùn lọ. Ebi ń pa Wara. Búrẹ́dì ń ta sánsán.

Ó bu ìtẹ̀sẹ̀ kan. Kẹ̀m! Ó ku mẹ́fà.

Ó bu òmíràn. Kẹ̀m! Ó ku márùn-ún.

Kẹ̀m. Kẹ̀m. Kẹ̀m. Kẹ̀m. Kẹ̀m.

Wara wolẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ méjì ló kù.

Wọ́n dé ilé Bàbá. Màámi rí i. Màámi ò pariwo. Ó kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ìyẹn le ju igbe lọ.

"Màámi, ṣé Bàbá á já bọ́ ni?"

"Mi ò mọ̀, ọmọ mi."

Wara jáde lọ wá búrẹ́dì. Lọ́jọ́ àwọn òkú, ọmọdé tó bá gbàdúrà fún òkú onílé, onílé á fún un ní búrẹ́dì.

Kó, kó, kó. Kò sẹ́ni. Kùsà ti tán, èèyàn ti lọ.

Kó, kó, kó. Kò sẹ́ni. Ajá kan ló gbó.

Kó, kó, kó.

"Ta nìyẹn? Tó bá jẹ́ atẹ́gùn ni, máa bá tìẹ lọ!"

"Èmi ni, ìyá. Wara ni. Mo wá gbàdúrà."

Mama Dominga, onílé, yọjú. Arúgbó ni. Eyín méjì ló kù lẹ́nu rẹ̀.

"Háà! Ọmọdé! Wọlé, wọlé. Lọ́dún tó kọjá, kò sẹ́ni tó gbàdúrà fún ọkọ mi. Fermín lorúkọ ẹ̀. Olóríkunkun ni, rọra pè é."

Wara kúnlẹ̀.

"Ọlọ́run, ẹ jẹ́ kí Bàbá Fermín rí oúnjẹ wọn jẹ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n já bọ́."

Ló bá bú sẹ́kún.

"Ta ló fẹ́ já bọ́?"

"Bàbá mi, Calixto. Mo jẹ àkàbà wọn."

"O jẹ ẹ́? Gbogbo ẹ̀?"

"Ó ku ẹ̀gbẹ́ méjì."

Mama Dominga rẹ́rìn-ín. Ó sì nujú.

Wara wo orí tábìlì. Àkàbà búrẹ́dì wà níbẹ̀. Ó gùn, ó nípọn.

"Ìyá, ṣé tiyín á lè gbé èèyàn méjì?"

Mama Dominga gbé e wò. Ó ro ó.

"Inú kòtò kan náà ni Calixto àti Fermín ti wa kùsà. Àkàbà kan náà ni wọ́n ń gùn. Wọn ò ní jà. Sáré! Pe ìyá ẹ!"

Wara sáré. Màámi náà sáré. Ó gbé àwòrán Bàbá. Ó gbé ọbẹ̀ ànàmọ́ tó sè fún Bàbá. Ọbẹ̀ ń dà sílẹ̀. Pó, pó, pó. Wọ́n gbé gbogbo ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkàbà Mama Dominga.

Aago ṣọ́ọ̀ṣì dún. Gbàǹ! Ọ̀sán pé.

Wọ́n dúró. Wọn ò rí nǹkan kan.

Wọ́n tún dúró.

Wíìn. Eṣinṣin kan wọlé. Ó bà lé etí àwo ọbẹ̀ Bàbá. Màámi gbọ́wọ́ sókè.

"Má lù ú!" ni Mama Dominga kígbe. "Báyẹn ni àwọn òkú ṣe ń wọlé!"

Ọwọ́ Màámi rọ̀ wálẹ̀.

Wara rọra sún mọ́ ọn. Eṣinṣin náà ń fi ọwọ́ ra ọwọ́.

"Màámi, ẹ wò ó! Wọ́n ń fọwọ́."

Màámi ń sunkún. Màámi ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá," ni Wara wí jẹ́jẹ́.

Kò mira. Ó dúró títí Bàbá fi jẹun yó.