Àmì Àbẹ́là Lára Igi Òkè Ààrò

Gbàgà! Kí Wúrà tó rí ojú Gbádégẹṣin, ìró orí rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin gìrìwò náà gbé garawa amọ̀ wọlé, ó fi iwájú orí gbá igi òkè ilẹ̀kùn.

“Yéè! Orí mi ò!”

Láàárín àwọn òyìnbó tó wá wo ilé àtijọ́ yẹn ní abúlé Dágẹ́námù nílùú òyìnbó, Wúrà nìkan ló gbọ́ ohun tó wí. Ẹ̀rín pa á.

“Pẹ̀lẹ́ o, bọ̀dá. Ṣé àràrá ló kọ́ ilé yìí ni?”

“Rárá o. Wọ́n fẹ́ kí gbogbo àlejò tẹríba ni. Èmi ni mi ò gbọ́ràn.”

Gbẹ́nàgbẹ́nà ni. Òun ló ń tún ilé náà ṣe, wọ́n sì fún un ní yàrá méjì lókè. Ó fi àwọn òpó tó ti tẹ̀ han Wúrà, àti ògiri amọ̀ tí wọ́n fi ọ̀pá hun nínú, bíi ti ilé bàbá àgbà rẹ̀ l'Ékìtì. Kí Wúrà tó padà dé yàrá rẹ̀ ní Upney, ọkàn rẹ̀ ti kù síbẹ̀.

Ìfẹ́ ò ṣòro. Dádì ló ṣòro. Àgbà ìjọ Aládùúrà ni bàbá Wúrà, ó ní òun ò ní fọwọ́ sí ìgbéyàwó kankan láìrí ibi tí wọ́n ń gbé ọmọ òun lọ. Lọ́jọ́ tó wá, Wúrà ló mú un wọlé.

Bàbá wo àjà, ó wo àtẹ̀gùn. Ó wá dúró nídìí ààrò. Àmì iná dúdúdú pọ̀ lára igi òkè rẹ̀, ẹnì kan sì ti fi ọ̀bẹ fín òbìrí sáàárín wọn.

“Kí lèyí?”

Gbádégẹṣin sún mọ́ ọn. “Àwọn ará àtijọ́ ni, sà. Wọ́n ní wọ́n fi ń lé àjẹ́.”

“Àjẹ́ kẹ̀! Wúrà, gbé báàgì ẹ. Mi ò ní fọmọ fún ẹni tó ń sùn nídìí oògùn!”

Ó ti jáde. Wúrà mọ bàbá rẹ̀: tó bá fi lè wọ bọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ó sáré bá a lẹ́nu géètì, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

“Ẹ dákun, Dádì. Nígbà tí mo kó dé Upney, ta ló fi òróró sàmì àgbélébùú sókè ilẹ̀kùn mi? Ta ló tan àbẹ́là sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yàrá? Kí lẹ̀yin ń lé?”

Bàbá padà wọlé, ó wọ awò ojú, ó ń fi ìka kan àwọn àmì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó yé e. Ẹnì kan ló gbé àbẹ́là sún mọ́ igi yìí, tó dúró tì í títí igi fi jó.

“Ẹ̀rù ló bà wọ́n,” ó ní jẹ́jẹ́. “Wọ́n lọ́mọ nínú ilé ni.”

Ó fa ìgò òróró yọ lápò, ó sàmì àgbélébùú sókè ilẹ̀kùn. Kò tilẹ̀ nílò àga. Gbádégẹṣin ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá fi òróró tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ pa á níwájú orí.

“Rọra dìde, àna mi. Má tún forí gbá o.”

Wúrà, tòun ti ẹrẹ̀ lórúnkún, bú sẹ́kún.