Jàbóà Lórí Lẹ́tà Ìtọrọ

"Ṣé eku lẹ fẹ́ kí n tẹ̀ yìí?"

Ọ̀rọ̀ tí Hameedah kọ́kọ́ bá Dáúdà sọ nìyẹn, ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Peckham. Dáúdà bú sẹ́rìn-ín. Ó ní jàbóà ni, ẹranko aṣálẹ̀ kékeré, elétí gígùn, tó jẹ́ pé òru ló ń jáde. Ìpínlẹ̀ kan ní ilẹ̀ aṣálẹ̀ ló fi í ṣe àmì ìdánimọ̀; wọ́n ṣe ìdíje fún un, àwòrán Dáúdà ni wọ́n sì mú láàárín ti ọgọ́rùn-ún èèyàn.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ọ̀sẹ̀ tí Dáúdà kì í rí nǹkan tẹ̀. Ìfẹ́ ti wọ̀ ọ́ lára.

Ọdún kan lẹ́yìn náà, ẹbí rẹ̀ gbé lẹ́tà ìtọrọ wá sílé Alhaji Làtíìfù, bàbá Hameedah, ní Brockley. Bí wọ́n ṣe tú rìbọ́ọ̀nù báyìí, jàbóà ló jókòó lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bismillah!

"Eku!" Alhaji fò dìde. "Lórí lẹ́tà ọmọ tèmi? Ẹ máa gbé e lọ!"

Oṣù mẹ́rin gbáko ni Hameedah fi ń sáré láàárín wọn.

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́, it's just a logo."

"Kó yọ ọ́."

"Dáúdà, yọ ọ́ nítorí Ọlọ́run."

"Ààyò mi, òun nìkan ni iṣẹ́ mi tí ayé mọ̀. Mi ò yọ ọ́."

Ó sú Hameedah pátápátá. Àwọn méjèèjì ò rí jàbóà sójú rí láyé wọn!

"Èmi lo fẹ́ fẹ́ ni àbí jàbóà?" Hameedah bi Dáúdà nílé rẹ̀. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé. Ọjọ́ mẹ́fà, kò gbé fóònù Dáúdà.

Lọ́jọ́ keje, kọ́sítọ́mà kan dúró níwájú káńtà.

"Ẹ jọ̀ọ́, Aunty, ẹ bá mi tẹ lẹ́tà yìí."

Bismillah nìkan ló wà lókè. Jàbóà ti sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ orúkọ Dáúdà, kò ju èékánná lọ.

"Má bínú," ni Dáúdà wí. "Agídí mi ti pọ̀ jù."

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Alhaji wo lẹ́tà náà títí. Ó yọ awò ojú rẹ̀.

"Ó dáa, mo gbà. Kí ló dé tí kò ti ṣe é báyìí látoṣù mẹ́rin?"

Ó kù díẹ̀ kí Hameedah pariwo. Ó bọ́ sí kọ́rídọ̀, ó pe Dáúdà, omi ń dà lójú rẹ̀.

"Daddy ti gbà. Má tíì sọ̀rọ̀ o! Inú ṣì ń bí mi sí ẹ̀yin méjèèjì."