Òwú Funfun Lára Èsìsì

Ọkùnrin náà dúró gbagidi lẹ́bàá ògiri, òkúta ńlá kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń mí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń ṣọ́. Labalábá kan ló bà lé e lápá. Dúdú ni labalábá ọ̀hún, ọ̀já pupa gba ìyẹ́ rẹ̀ kọjá, àmì funfun tò sí ṣóńṣó rẹ̀. Ó na ahọ́n tín-ín-rín síta, ó ń lá òógùn ọkùnrin náà bí ẹni pé òun ló ni ín.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mira," ni Lowenna Pellow wí láti inú koríko tó dọ̀bálẹ̀ sí, kámẹ́rà lójú rẹ̀.

"Òkúta yìí wúwo o. Títí dìgbà wo?"

"Títí dìgbà tó bá yó."

Ó dúró. Ẹ̀rín ń pa á, apá ń ro ó, síbẹ̀ kò mira. Nígbà tí labalábá náà fò lọ, òkúta já bọ́ gbìì, ọkùnrin náà sì jókòó lé e lórí.

"Denzil Hocking ni mí," ó wí, ó ń fọwọ́ pa apá. "Èmi ni wọ́n ní kí n wá tún ògiri yín tó wó mọ. Wọn ò sọ fún mi pé màá tún máa bọ́ ẹranko."

Lowenna rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Kì í ṣe ọmọdé. Ó ti pé ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, òun nìkan ló sì ń tọ́jú bàbá rẹ̀ láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Mista Pellow fi ọgbọ̀n ọdún pín lẹ́tà ní abúlé Trevallack. Ọgbọ̀n ọdún kan náà ló fi ń ya labalábá yẹn, tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gágun Pupa, ní fọ́tò nínú ọgbà rẹ̀. Ó ti yà á nígbà tí labalábá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ fò ti òkè òkun dé, ó ti ya ẹyin rẹ̀, ó ti ya kòkòrò tó ń jáde látinú ẹyin, àti àpò tí kòkòrò náà máa ń di kó tó hu ìyẹ́. Ohun kan ṣoṣo ló bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́: ìṣẹ́jú tí labalábá ń jáde nínú àpò. Àárọ̀ ló máa ń jáde, àárọ̀ náà ni wọ́n sì ń pín lẹ́tà. Ìgbà tí bàbá wá fẹ̀yìn tì, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Dókítà ní tí òtútù bá fi máa dé, kò ní ríran mọ́.

Ìdí nìyí tí Lowenna fi ń fi ikùn wọ́ nínú koríko. Ó fẹ́ kí bàbá òun rí ìṣẹ́jú yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo péré.

Lọ́jọ́ kejì, Denzil gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ jíjẹrà dé nínú àwo, ó da bíà díẹ̀ sí i.

"Kí lèyí tó ń rùn báyìí?" Lowenna bi í.

"Oúnjẹ ìyàwó mi ni."

"Ìyàwó wo?"

"Èyí tó bà lé mi lápá lánàá. Ẹ̀yin kọ́ o, ẹ fọkàn balẹ̀."

Ojú ti Lowenna, inú rẹ̀ sì dùn. Ọ̀gágun Pupa mẹ́ta ló wá jẹun nínú àwo náà lọ́jọ́ yẹn. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó ń pe ẹnì kejì ní "ẹ̀yin" mọ́. Ògiri ọ̀sẹ̀ méjì di ti oṣù kan ààbọ̀.

"Ṣé ògiri Jẹ́ríkò ni ọmọkùnrin yìí ń mọ ni?" Mista Pellow bi ọmọ rẹ̀ nídìí tíì.

"Iṣẹ́ tó dáa máa ń pẹ́, Bàbá."

"Ẹn-ẹ́n. Èmi náà fẹ́ ìyá rẹ rí."

Ní oṣù keje, inú wọn dùn débi pé wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa gbé e sí. Lẹ́yìn ilé irinṣẹ́, èsìsì kan wà tó hù ṣùùrù, tó ga dé àyà èèyàn. Ewé èsìsì ni kòkòrò Ọ̀gágun Pupa ń jẹ. Á ká ewé kan pọ̀ bí àgọ́, á sì wọ inú rẹ̀ sùn. Méje ni Lowenna rí. Ó so òwú funfun mọ́ igi ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà sọnù mọ́ ọn lójú. Kò sọ fún Denzil, torí ó fẹ́ fi yà á lẹ́nu.

Nǹkan ọ̀hún ló wá dá ogun sílẹ̀. Lọ́dọọdún ni Trevallack máa ń ṣe Ọjọ́ Ọgbà. Ilé gbogbo á ṣí géètì rẹ̀ sílẹ̀, ará abúlé á wọlé wá wo òdòdó, wọ́n á mu tíì, wọ́n á jẹ kéèkì, tí wọ́n bá sì rí èpò kan, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni wọ́n á máa sọ dé ọdún tó ń bọ̀. Nígbà tó ku ọ̀la, Lowenna lọ ra fíìmù nígboro. Denzil dé, ó rí èsìsì, ó rí òwú funfun. Nínú iṣẹ́ tirẹ̀, ohun tí wọ́n bá so òwú mọ́, wọ́n ní kí a gé e ni. Ó rò pé ojú ló ń ti olólùfẹ́ òun láti bẹ òun níṣẹ́. Ó gbé dòjé, ó gé gbogbo rẹ̀ kanlẹ̀, ó kó o lọ síbi òkìtì pàǹtí nídìí ògiri nínú ọgbà, ó sì ń fi ìfé lọ sílé. Igún ṣoore, igún pá lórí.

Nígbà tí Lowenna dé, tó rí ilẹ̀ gbalasa, ó kúnlẹ̀, ó ń wá òwú funfun nínú iyẹ̀pẹ̀. Denzil padà wá nírọ̀lẹ́ láti gba oríyìn.

"Ojú bàbá mi lo gé dànù," ni Lowenna wí. Ó sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún un, kò pariwo, ìyẹn ló sì burú jù.

"Lowenna, mi ò mọ̀. Òwú tí mo rí..."

"Máa lọ sílé, Denzil."

Mista Pellow yọrí lójú fèrèsé. "Jẹ́ kó lọ. Kí n má tún rí ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ọgbà mi mọ́!"

Lọ́jọ́ kejì, àwọn èèyàn wá wo òdòdó, ṣùgbọ́n Denzil Hocking ni wọ́n ń wò. Ó ti jókòó lẹ́yìn ògiri, níta ọgbà gẹ́gẹ́ bí bàbá ṣe ní kó wà. Ó ń na ọwọ́ láti òkè ògiri fa èsìsì látinú òkìtì, ó ń tú u wò ní ewé kọ̀ọ̀kan. Kò wọ ìbọ̀wọ́, torí ìbọ̀wọ́ kì í jẹ́ kéèyàn mọ ewé tó ká pọ̀ lára èyí tó rọ. Ọwọ́ rẹ̀ ti wú, ó pọ́n kuku.

"Denzil!" ni Ìyáàfin Tregear ké, kéèkì lẹ́nu rẹ̀. "Kí lo sọ nù?"

"Ìyàwó mi ni mò ń wá, Màmá. Ẹ jẹ́ n ráyè."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Lowenna tó ń bu tíì gbọ́ ọ. Ó ń bínú, àánú sì ń ṣe é. Ó bu tíì kún ife títí ó fi dà sí ẹsẹ̀ pásítọ̀.

Aago mẹ́rin kọjá nígbà tó gbọ́ ohùn Denzil. Kò pariwo, ó kàn pè é jẹ́jẹ́. Ó di igi èsìsì kan mú, òwú funfun lára rẹ̀. Mẹ́fà ti bàjẹ́. Nínú ewé keje, kòkòrò dúdú kékeré kan yí orí.

"Ó ń mira," ni Denzil wí, ló bá bú sẹ́kún.

Lowenna fo ògiri. Ó já ewé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tó máa ń hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ èsìsì, tí gbogbo ọmọ abúlé mọ̀ pé òun ni ẹ̀rọ̀ rẹ̀, ó rún un, ó sì ń fi pa ọwọ́ Denzil ní ìka kọ̀ọ̀kan.

"Ṣé ó ń dùn ẹ́?"

"Kò dùn mí mọ́. Máa pa á lọ ṣá."

"Òpònú," ni Lowenna wí. Bí èèyàn bá gbọ́ bó ṣe sọ ọ́, á mọ̀ pé ìfẹ́ ni.

Wọ́n fi kòkòrò náà sínú ìgò jáàmù lójú fèrèsé ilé ìdáná. Àràárọ̀ ni Denzil ń gbé èsìsì tútù wá, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á nà án wọlé, torí bàbá ò tíì ní kó wọlé. Lọ́jọ́ kẹfà, kòkòrò so ara rẹ̀ rọ̀, ó di àpò. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Lọ́jọ́ kan bí oòrùn ṣe ń là, Lowenna rí àwọ̀ pupa nínú àpò náà. Ó ké sí bàbá rẹ̀. Denzil ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Wọlé, ọmọkùnrin," ni Mista Pellow wí. "Ṣé ìta lo fẹ́ ti wò ó ni?"

Àpò náà là. Labalábá fa ara rẹ̀ jáde, ìyẹ́ rẹ̀ rọ jọwọlọ bí aṣọ tútù. Lowenna ń yà á, ó ń yà á. Denzil fi ìka gbé e, ó sì gbé e sórí ìka bàbá. Mista Pellow gbé e súnmọ́ ojú títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú rẹ̀. Ìyẹ́ náà nà díẹ̀díẹ̀.

"Mo rí i," ó wí. Omijé ń dà lójú rẹ̀. "Pupa ni. Lowenna, mo rí i!"

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, labalábá fò gba ojú fèrèsé jáde, ó kọjá lórí ògiri tuntun.

"Lowenna," ni Denzil wí. "Mi ò lówó, mi ò sì mọ èpò yàtọ̀ sí dúkìá. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Fọ́tò kan ṣoṣo ló kù nínú fíìmù. Lowenna gbé kámẹ́rà sójú, ó kọjú rẹ̀ sí i.

"Má mira."

Denzil dúró gbagidi, ọwọ́ rẹ̀ ṣì nà síta bó ṣe gbé labalábá fún bàbá. Ìṣẹ́jú kan lọ, èkejì tẹ̀lé e.

"Dá ọkùnrin yẹn lóhùn jàre," ni Mista Pellow wí, "kí apá rẹ̀ tó kú."

"Mo ti dá a lóhùn, Bàbá," ni Lowenna wí, ó sì tẹ kámẹ́rà. "Mo ní kó má lọ síbì kankan mọ́."