Ojú Tí Mùjídàt Yá Olúwadára

Olúwadára pàtẹ́wọ́, Mùjídàt sì mọ̀ pé irọ́ ni. Nínú eré ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ tí àwọn ọmọ tó ń kọ́ bí a ṣe ń gun ògiri máa ń ṣe, ẹni tí bàtà rẹ̀ bá dún lára ògiri yóò sọ̀kalẹ̀, àwọn tó wà nílẹ̀ ló sì ń fi àtẹ́wọ́ sọ pé àwọn gbọ́ ọ. Bàtà Mùjídàt ò dún rárá. Ṣùgbọ́n Kóòṣì Oyèlékè gba àtẹ́wọ́ náà gbọ́, ó sì yọ Mùjídàt kúrò nínú àwọn tí yóò lọ figagbága ní Ọ̀yọ́.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ọmọbìnrin náà fi gbé ìbínú sùn, tó tún gbé e jí. Ìyá rẹ̀ sọ fún un títí pé bí a bá ń rántí ọ̀rọ̀ àná, a ò ní rẹ́ni bá ṣeré. Mùjídàt ní òun ò wá ẹni tí òun yóò bá ṣeré, ẹni tí òun yóò fìyà jẹ lòun ń wá.

Ní Sátidé, nínú ilé ìkẹ́rù àtijọ́ tí wọ́n ti ń gun ògiri ní àdúgbò Takie, Kóòṣì mú eré tuntun dé. Wọn yóò fi aṣọ di ẹnì kan lójú, ẹnì kejì yóò dúró nílẹ̀, yóò sì máa sọ fún un ibi tí ìdìmú wà, ìyẹn àwọn kókó tí wọ́n kàn mọ́ ògiri fún ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Ó ní kí Mùjídàt ṣe ojú fún Olúwadára. Ayọ̀ kún inú Mùjídàt, ayọ̀ burúkú.

Ó kọ́kọ́ ṣe é dáadáa, kí ọ̀tá lè fọkàn tán an. Ọwọ́ ọ̀tún sókè díẹ̀, ẹsẹ̀ òsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún. Olúwadára ń gùn lọ bí alángbá. Nígbà tó ga ju orí Kóòṣì lọ, Mùjídàt wo apá ibi tí ògiri ti dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́, tí kò sí ìdìmú kankan.

"Fò sí ọ̀tún. Ìdìmú ńlá wà níbẹ̀."

Ó fò. Afẹ́fẹ́ ló dì mú. Ó já lulẹ̀ sórí fóòmù tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì rọ́.

Inú Mùjídàt dùn, ká má parọ́. Ó dùn títí Kóòṣì fi gbé yìnyín lé ọwọ́ tó wú náà, tó sì sọ ohun tó wà nílẹ̀. Méjì-méjì ni wọn yóò ṣe eré yìí ní Ọ̀yọ́. Ó ní Olúwadára ti wá bá òun ní àná, ó jẹ́wọ́ pé irọ́ ni àtẹ́wọ́ náà, ó sì bẹ̀bẹ̀ pé kí òun Kóòṣì kọ orúkọ Mùjídàt mọ́ ti Olúwadára. Òun sì ti kọ ọ́.

Olúwadára gbójú sókè. "O ṣì í wò ni, àbí?"

Mùjídàt ì bá ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Omijé ló kọ́kọ́ bọ́. "Rárá. Mo mọ̀ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Nítorí ọwọ́ tó rọ́ náà, àwọn méjì mìíràn ló lọ sí Ọ̀yọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀san a máa dùn bí ẹ bá ń gbèrò rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti dá àyè Mùjídàt padà fún un kó tó gbẹ̀san, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi bà á jẹ́.