Ẹ̀ka Tí Mo Fà Tu

“Ṣé òkè yìí náà ni ẹ ń pariwo rẹ̀ láti ìjẹta?” Tiotam bi mí bó ṣe ń bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ wa. “Ó mà kéré o.”

“Ẹ dúró kó wúkọ́ níṣojú yín ná,” mo dá a lóhùn.

Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá wa mú un lọ sí ìlú Lae. Ibẹ̀ ló ti kàwé, ibẹ̀ ló sì ti di afínjú tó ń fi aṣọ bo imú nítorí òórùn ilẹ̀ wa. Ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan ló wá lò ní Matupit, erékùṣù wa, bàálù rẹ̀ yóò sì gbéra lọ́jọ́ Ajé. Èmi Delma, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ni wọ́n ní kí n mú un rìn kiri.

Mo ti mú un dé ìlú Rabaul àtijọ́, níbi tí eérú òkè náà ti bo ilé àwọn òbí wa mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó bí wa. Ó ya fọ́tò kan, ó yán. Mo mú un dé ibi omi gbígbóná létí òkun, ó ní ó ń rùn. Èyí tó dùn mí jù ni ohun tó sọ fún ìyá wa láàárọ̀ ọjọ́ yẹn: “Màmi, mi ò rò pé mo tún lè náwó bàálù wá síbí mọ́ o. Kí ló wà níbí gan-an?” Ìyá wa tẹjú mọ́ kókò tó ń bó. Ó bó o títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lọ́wọ́ rẹ̀. Mo pinnu pé ẹ̀gbọ́n mi kò ní kúrò láì rí ohun tí yóò máa fà á padà wálé.

Bí a ṣe ń rìn lórí eérú nísàlẹ̀ Tavurvur, òkè ayọnáyèéfín wa, mo sọ̀rọ̀ ẹyẹ dúdú wa fún un, ẹyẹ tí kì í sàba. Inú iyẹ̀pẹ̀ gbígbóná ló ń yé ẹyin sí. Ilẹ̀ á bá a sàba, òun á bá tirẹ̀ lọ. Àwa ọmọ Matupit la máa ń gbẹ́ ilẹ̀ lọ bá ẹyin náà, ihò mìíràn a sì jìn ju ènìyàn lọ.

“Irọ́ ni!” Ojú Tiotam tàn fún ìgbà àkọ́kọ́. “Ẹyin wà lábẹ́ ibi tí mo dúró sí yìí?”

“Bí ẹ bá fẹ́, ẹ lè fọwọ́ ara yín mú un.”

Ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu mi. Ihò Àǹkù ToLagur, ẹ̀gbọ́n ìyá wa, ni mo ń mú un lọ, torí lọ́dọ̀ wa, ilẹ̀ ìyá ẹni ni ilẹ̀ ẹni. Ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo sì rí ẹ̀ka igi kan létí ihò náà. Wọ́n ri orí rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìdí rẹ̀ ló ń wòkè. Ẹ̀ka tó nàró ń sọ pé ihò ní ẹni tó ni ín. Èyí tó bá dorí kodò ń sọ pé etí ihò ti rọ̀, kí ẹnikẹ́ni má wọ̀ ọ́. Kò sí ọmọdé Matupit tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo wẹ̀yìn. Tiotam ń bọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ti bọ́ bàtà. Mo fa ẹ̀ka náà tu, mo jù ú sẹ́yìn òkúta. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni, mo wí nínú ara mi.

“Ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà lókè,” mo sọ fún un. “Èmi ni màá máa ṣọ́ yín.”

“Ọ̀gá mi!” Ó fi mí ṣẹ̀fẹ̀, ó wọnú ihò. Ó gbẹ́, ó gbẹ́. “Delma! Ó gbóná bíi búrẹ́dì! Ọwọ́ mi ti kan nǹkan kan o—”

Etí ihò ya. Kò pariwo, ó kàn ṣàn wálẹ̀ bí ìrẹsì látinú àpò tó já. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, orí àti èjìká ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni mo rí.

“Mi ò lè mí dáadáa,” ó wí. “Delma, ó ń jó mi.”

Ẹ̀rù bà mí gan-an. Kí n tó wa ọkọ̀ dé abúlé, iyẹ̀pẹ̀ á ti bo imú rẹ̀. Mo rántí ohun tí Àǹkù máa ń wí, pé a kì í ti òkè gba ẹni tí ilẹ̀ gbé mì, ẹ̀gbẹ́ la ti ń wá a. Mo sáré gbé pákó ìjókòó ọkọ̀ wa, mo fi dí ibi tí iyẹ̀pẹ̀ ti ń ya. Mo dọ̀bálẹ̀, mo mú èèpo àgbọn tí a fi ń gbọ́n omi ọkọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́.

Bí mo bá kó ẹ̀kún èèpo kan, ìdajì rẹ̀ á padà. Mo bá ń kó méjì. Èékánná mi ya, ọwọ́ mi bó.

“Lọ pe èèyàn wá.”

“Ẹ dákẹ́, ẹ ṣáà máa mí.”

N kò ní fi ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀ fún ilẹ̀ yìí. Òòrùn kúrò ní àtàrí mi, ó bọ́ sí èjìká, mo ṣì ń gbẹ́. Àyà rẹ̀ yọ. Ìbàdí rẹ̀ yọ. Ìgbà náà ni Àǹkù ToLagur, tó ń ti ibi ẹja bọ̀, rí ọkọ̀ wa létí omi, tó gbọ́ igbe mi. Òun ló bá mi fà á jáde. Ẹsẹ̀ Tiotam méjèèjì ti bó.

Àǹkù wo etí ihò, ó wò wá. “Ẹ̀ka mi dà?”

“Èmi ni mo yọ ọ́, Àǹkù,” ni Tiotam tètè wí. Kò tilẹ̀ rí ẹ̀ka kankan; ojú mi ló wò tó fi mọ̀. Wọn kì í bá ẹni tó ti ìlú mìíràn dé wí lórí ohun tí kò mọ̀. Bí mo bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

“Irọ́ ni, Àǹkù,” mo wí. “Èmi ni. Mo rí i, mo mọ ohun tó ń sọ, mo sì fà á tu. Mo fẹ́ kí ilé wù ú ni.”

Àǹkù nawọ́ sí Tavurvur. “Òkè yẹn bo gbogbo ilé wa mọ́lẹ̀, kò pa ẹnì kan nínú wa, torí a rí àmì, a sì gbà á gbọ́. Ìwọ wá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ ṣe ohun tí òkè kò ṣe.”

Ó ní n kò gbọ́dọ̀ tẹ ibi ẹyin fún ọdún kan gbáko, kí n sì fẹnu ara mi ròyìn ìwà mi fún àwọn ọmọdé lẹ́yìn ìsìn. Mo ṣe é. Ojú tì mí débi pé omi bọ́ lójú mi níwájú àwọn ọmọdé tí mo máa ń borí nínú eré.

Bàálù ọjọ́ Ajé fò lọ láìsí Tiotam. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi wà lórí ẹní, tí ìyá wa ń fi òróró àgbọn pa á lẹ́sẹ̀, tó sì ń sọ ìtàn ilé fún un. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òun fúnra rẹ̀ ló wá, kò sẹ́ni tó pè é. Ó ní, “Àgbà tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Mo ti jìn. Ó kù kí n kọ́gbọ́n.”

Ohun tí mo kọ́ ni pé ẹni tó fa àmì ewu tu kí inú ẹlòmíràn lè dùn, òun fúnra rẹ̀ ti di ewu. Bí o bá fẹ́ràn ènìyàn, sọ òótọ́ ilẹ̀ tó fẹ́ tẹ̀ fún un, ì báà bà á nínú jẹ́.

Ọdún kan tí Àǹkù dá fún mi ti pé, a sì jọ padà dé ihò náà. Ẹ̀ka tútù kan nàró létí rẹ̀. Tiotam dúró, kò bọ́ bàtà.

“Àbúrò, orí rẹ̀ ló wà lókè yẹn, àbí?”

“Orí rẹ̀ ni. Ti Àǹkù ni.”

“Ó dáa. Jẹ́ ká lọ tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀ ná.”