Mẹ́rin Tí Yárádé Ń Kọ

Dírẹ́bà ni Yárádé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gbé ẹ̀jẹ̀ láti ilé ìwòsàn lọ fún àwọn aláìsàn tí wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ sí lára nínú ilé wọn. Inú kúlà tí yìnyín wà ni ẹ̀jẹ̀ ń gbé, ooru inú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kọjá ìwọ̀n mẹ́wàá. Wọ́n fún un ní ìwé kan, pé kó máa wo ẹ̀rọ tó ń díwọ̀n ooru lójú ọ̀nà, kó sì máa kọ ohun tó bá rí.

Yárádé kì í wò ó. Kó tó kúrò nílé ìwòsàn ló ti máa ń kọ mẹ́rin, mẹ́rin, mẹ́rin, dé ìsàlẹ̀ ìwé. Ọ̀mùtí paraku sì ni. Inú kúlà ẹ̀jẹ̀ yẹn gan-an ló ń ki ìgò ọtí rẹ̀ bọ̀ kó lè tutù.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ó páàkì sínú oòrùn, ó ń ṣí kúlà, ó ń mu. Nígbà tó dé ìgò kẹta, kò rántí dé ìdérí mọ́.

Màmá àgbàlagbà kan ló ń retí rẹ̀ nínú ilé tó gbé ẹ̀jẹ̀ náà dé. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti funfun, ó sì ń mí lókè lókè.

"Ọmọ mi, o kú iṣẹ́," ni màmá wí. "Àtàárọ̀ ni mo ti ń gbàdúrà fún ọ."

Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú màmá wo ìwé, ó sì ṣí kúlà. Ìgò kan ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀jẹ̀. Mẹ́rìndínlógún ni ẹ̀rọ ń kà.

"Ẹ̀gbọ́n, mẹ́rin lẹ kọ síbí," ni nọ́ọ̀sì wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Mi ò lè fa èyí sí màmá lára."

Ó tẹ ilé ìwòsàn láago pé kí ẹlòmíì gbé ẹ̀jẹ̀ tuntun wá. Wọ́n ní ó di wákàtí méjì. Yárádé jókòó ti bẹ́ẹ̀dì, ọtí ti dá lójú rẹ̀, ẹ̀rù sì bà á gidigidi.

"Ṣé màmá máa kú ni?" ló bi nọ́ọ̀sì.

"Mi ò mọ̀," ni nọ́ọ̀sì dáhùn. "Ṣùgbọ́n èmi náà ti purọ́ rí, Jésù ló gbà mí. Ẹ sọ òótọ́ fún un."

Yárádé kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. "Olúwa, mi ò wò ó rí. Mo kàn ń kọ ọ́ ni. Ṣàánú mi."

Ẹ̀jẹ̀ dé, màmá là á já. Lọ́jọ́ kejì, Yárádé jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò fẹnu kan ọtí mọ́. Síbẹ̀, ó ṣì máa ń ronú àwọn aláìsàn tó ti gbé ẹ̀jẹ̀ fún tẹ́lẹ̀, ó sì máa ń sunkún, nítorí kò mọ iye tó ti pa lára nínú wọn.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, kí lò ń kọ fún ayé kà nípa ara rẹ? Ọlọ́run kò ka ìwé yẹn. Ìdérí ló ń ṣí. Ẹ̀jẹ̀ kan wà tí oòrùn kò lè bà jẹ́ láéláé, nítorí rẹ ni Jésù ṣe ta á sílẹ̀. Màmá yẹn rí wákàtí méjì dúró. Ta ló ṣèlérí wákàtí méjì fún ọ? Kúnlẹ̀ níbi tí o wà yìí, kí o sọ òótọ́ fún Jésù.